Alùpùpù tó lè ná Oǹdó, tó sì lè wọ oko: ẹ má jẹ́ kí dídán tàn yín jẹ

Oníṣòwò tó bá ń gbé Bọ́lọ́rundúró, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Oǹdó, ọ̀nà méjì ló ń tọ̀. Ọ̀kan ni títì ọlọ́dà tó lọ sí Oǹdó lápá kan, tó sì lọ sí Àkúrẹ́ lápá kejì. Èkejì ni ọ̀nà oko, níbi tí gbòǹgbò igi ti yọ sójú ọ̀nà, tí ẹrẹ̀ sì máa ń mu táyà tí òjò bá ti rọ̀. Ẹni tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀, ẹni tó ń ta oògùn kòkó, obìnrin tó ń ra epo pupa àti gàárì ní abúlé, títí kan mẹkáníìkì tí wọ́n ń pè lọ tún ẹ̀rọ ìlagi ṣe nínú igbó, ọ̀nà méjèèjì ni gbogbo wọn ń rìn. Mọ́tò kò lè dé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ibi tí wọ́n ń lọ. Alùpùpù ló lè dé ibẹ̀, inú owó ọjà sì ni owó tí wọ́n máa fi rà á ti máa jáde. Tí wọ́n bá ṣì í rà, ọjà gan-an ló máa dúró.

Èmi tí mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí ti ṣì í rà rí. Ṣọ́ọ̀bù kan tí n kò ní dárúkọ ni mo ti rí i, ó ń dán yinrin, wọ́n fi ike bo ara rẹ̀ káàkiri, ojú iná rẹ̀ ṣe ṣóńṣó bí ẹnu ẹyẹ. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí mo fi ṣubú lójú ọ̀nà oko. Ìṣubú lásán ni, èmi fúnra mi kò fara pa, àmọ́ ike iwájú fọ́, gíláàsì iná fọ́, irin tó di ike náà mú sì tẹ̀. Mo wá páàtì rẹ̀ dé Oǹdó, mo wá a dé Àkúrẹ́, kò sí. Wọ́n ní kí n ránṣẹ́ sí Èkó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń wọ ọ̀kadà ọlọ́kadà kiri, owó tí mo sì san fún wọn ju owó ike náà lọ.

Látìgbà náà ni mo ti gbà pé èyí tí wọ́n ṣe bíi ti àtijọ́ ló dára jù fún irú ọ̀nà wa: iná iwájú róbótó, táǹkì onírin, ìjókòó gígùn pẹrẹsẹ, ẹ́ńjìnnì tó wà níhòòhò tí ọwọ́ mẹkáníìkì lè dé. Ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, fáàrí ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ra irú rẹ̀ báyìí. Kódà, iléeṣẹ́ Honda mú èyí tí wọ́n ń pè ní CT125 jáde lọ́dún 2020, wọ́n sì ṣe é kó jọ alùpùpù oko tí wọ́n ti ń ṣe láti àwọn ọdún 1960. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, owó ló wà nínú ẹ̀. Iná róbótó wà lórí tábìlì àwọn tó ń ta páàtì ọ̀kadà. Táǹkì onírin tó bá tẹ̀, panẹbítà á lù ú jáde. Ìjókòó pẹrẹsẹ gba èèyàn, ó gba àpò, ó sì gba kẹ́ẹ̀gì epo.

Ẹ bi àwọn àgbà mẹkáníìkì léèrè nípa Honda CG125, wọ́n á sọ ìtàn fún yín. Ọdún 1976 ló jáde. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Honda ti kíyè sí i pé láwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa, èèyàn kì í tètè pààrọ̀ ọ́ìlì, ẹrù tó ju agbára ọ̀kadà lọ ni wọ́n ń dì lé e, wọn kì í sì í mú un lọ fún àtúnṣe àfi ìgbà tó bá kú. Wọ́n wá ṣe ẹ́ńjìnnì kan tó jẹ́ pé ọ̀pá ló ń ti fáàfù rẹ̀. Ṣéènì kékeré tó máa ń ṣiṣẹ́ yìí nínú ẹ́ńjìnnì mìíràn kò sí níbẹ̀, torí ṣéènì náà a máa gùn, a sì máa pariwo tí ọ́ìlì bá ti dọ̀tí jù. Lọ́dún 1979, Honda dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ ní Ọ̀tà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Lẹ́yìn náà làwọn ará Ṣáínà ṣe ẹ̀dà ẹ́ńjìnnì yìí lóríṣiríṣi, kí Bajaj Boxer àti TVS tó ti Íńdíà dé wá gba ojú pópó. Boxer ní ṣéènì kékeré yẹn nínú ní tirẹ̀, ẹni tó bá rà á kò sì gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ṣeré.

Orúkọ tí wọ́n kọ sára táǹkì kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Kí ẹ tó yọ owó, ẹ dé ọ̀dọ̀ àwọn mẹ́ta tó ń ta páàtì, ní Bọ́lọ́rundúró tàbí ní Oǹdó, kí ẹ bèèrè iye tí wọ́n ń ta awẹ́ kílọ́ọ̀ṣì, ṣéènì, búrẹ́èkì ẹ̀yìn àti gíláàsì iná irú ọ̀kadà tó wù yín. Tí méjì nínú wọn bá ní àwọn kò ní in, ẹ fi ọ̀kadà náà sílẹ̀, ì báà jẹ́ pé ẹ̀bùn ni wọ́n fẹ́ fi ta yín lọ́rẹ.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò epo, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kì í wò. Kí oṣù karùn-ún ọdún 2023 tó parí, lítà epo kan kò tó 200 náírà ní àwọn iléepo kan. Nígbà tó fi di oṣù keje ọdún náà, ó ti kọjá 600, ó sì ju 1,000 lọ ní ọ̀pọ̀ iléepo nínú oṣù kẹwàá ọdún 2024. Ẹ ká ní kìlómítà 30 lẹ ń rìn lóòjọ́. Ọ̀kadà tó ń rin kìlómítà 45 lórí lítà kan máa jó nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta lítà. Èyí tó tóbi, tó jẹ́ kìlómítà 30 ló ń rìn lórí lítà, máa jó odidi lítà kan. Tẹ́ ẹ bá ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lóṣù, ìyàtọ̀ rẹ̀ súnmọ́ lítà mẹ́sàn-án. Tí lítà bá jẹ́ 1,000 náírà, ó ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún náírà lọ lọ́dún kan. Èrò tèmi ni pé ẹ́ńjìnnì 100 tó ẹni tó ń dá rìn, tí ẹrù rẹ̀ kò pọ̀. Ẹni tó ń ru kòkó gun òkè, kó wá 125 tàbí 150, kó má sì lọ jù bẹ́ẹ̀.

Àpò kòkó kan ju kílógíráàmù 60 lọ. Ẹni tó bá di méjì lé e, tó tún gbé ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ti di ẹrù èèyàn mẹ́rin lé ohun tí wọ́n ṣe fún èèyàn méjì. Ọ̀rọ̀ ẹrù yìí ló bí ìnàgà. Àwọn tó ń kó pákó àti kòkó jáde nínú igbó máa ń gbé ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ga, wọ́n á jó irin kẹ́ríà mọ́ ọn, wọ́n á sì pààrọ̀ irin eléyín ẹ̀yìn tí ṣéènì ń yí sí èyí tó tóbi, kó lè lágbára láti fà. Ó wúlò nínú igbó, mi ò bá wọn jà. Àmọ́ ẹni tó tún fẹ́ fi ọ̀kadà kan náà lọ sí báńkì ní Oǹdó kò gbọdọ̀ dán an wò. Tí ẹ̀yìn bá ti ga, iná iwájú á máa wo ilẹ̀, ẹsẹ̀ kò ní í kanlẹ̀ dáadáa, irin eléyín ńlá yẹn á sì mú kí ẹ́ńjìnnì máa ké gbàù-gbàù lórí títì láìsáré. Kẹ́ríà tó nípọn àti táyà onígeere tó wà láàárín ti títì àti ti oko ti tó. Ẹ yan rímù onísípóòkù. Tí ó bá wọ́, wọ́n á nà án ní ìṣẹ́jú díẹ̀, èyí tí wọ́n dà pọ̀ mọ́ra a máa sán ni.

Ẹni tí agbára rẹ̀ kò gbé tuntun, àlòkù kò burú. Kí ó mú mẹkáníìkì tirẹ̀ lọ, kí ó sì dé láàárọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù. Tí ó bá fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì tó sì gbóná, ẹni tó ń tà á ti kọ́kọ́ ta á jí nìyẹn, ó ní ohun tó ń fi pa mọ́. Èéfín tó bá ń yọ pẹ̀lú àwọ̀ búlúù ń sọ pé ó ń jẹ ọ́ìlì. Ẹ wo abẹ́ táǹkì níbi ọrùn ọ̀kadà, bóyá wọ́n ti jó irin níbẹ̀ rí. Kí ẹ wá ka nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti ti férémù, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi wé ti inú ìwé. Tí nọ́ńbà kan bá yàtọ̀, tàbí tí wọ́n ti fi fáìlì ha á, ẹ má jókòó ná an rárá. Ọ̀kadà olè lè gbé ẹni tó rà á dé àgọ́ ọlọ́pàá, owó náà á sì ti lọ.

Ní ti owó, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló sàn jù lójú mi, torí èlé wọn máa ń rọjú, wọ́n sì mọ ilé ẹni. Ẹni tó bá gba ọ̀kadà tí á máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kó kọ́kọ́ ṣe ìṣirò gbogbo owó tí yóò san títí dé ìparí, kó fi wé iye tí wọ́n ń tà á lówó ọwọ́. Àwọn kan ti fi bẹ́ẹ̀ san owó ọ̀kadà méjì fún ẹyọ kan. Kí ẹ sì fi owó àṣíborí gidi kún un. Nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn tí kò dé e nínú oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009, igbá àti ìkòkò làwọn ọlọ́kadà kan dé sórí. A rẹ́rìn-ín nígbà náà.

Ẹni tó bá fẹ́ ra tirẹ̀ fún iṣẹ́ kòkó, oṣù keje tàbí oṣù kẹjọ ni kó ti ná an. Tó bá fi máa di oṣù kẹwàá, tí kòkó ti ń wọlé, àwọn àgbẹ̀ tó rí owó gbà náà á wà ní ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó ń tà á kò sì ní í fẹ́ gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ẹni tó ń dín owó.