Abẹ́ Ojú Tó Dúdú: Ẹ Mọ Ohun Tó Fà Á Kẹ́ ẹ Tó Ra Ìpara

Ọ̀rọ̀ abẹ́ ojú tó dúdú, tó tún wú, tí oorun ò ràn, la fẹ́ sọ lónìí.

Lójú ọ̀sán, ẹ dúró síwájú dígí, kẹ́ ẹ rọra fi ìka fa awọ abẹ́ ojú yín. Bí àwọ̀ ibẹ̀ ò bá yí padà, awọ fúnra rẹ̀ ló dúdú: ó lè jẹ́ àjogúnbá (ẹ wo ojú màmá yín), ó sì lè jẹ́ pé eruku ń yún yín lójú, ẹ wá ń ra á ṣáá. Bó bá túbọ̀ ṣe bí àwọ̀ àlùkò, iṣan ẹ̀jẹ̀ ló ń hàn, torí awọ ibẹ̀ fẹ́lẹ́ gan-an. Bẹ́ ẹ bá tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i látiwájú tó sì pòórá, òjìji lásán ni. Ibẹ̀ ló jìn sínú. Mi ò tíì rí ìpara tó ń pa òjìji rẹ́.

Èyí tó ń wú láàárọ̀, tó ń lọ lọ́sàn-án, omi ni. Ẹ dín iyọ̀ oúnjẹ alẹ́ kù. Èyí tí kì í lọ rárá sábà máa ń jẹ́ ọ̀rá. Àmọ́ bí ẹsẹ̀ náà bá ń wú, tí ìtọ̀ ń hó bí ọṣẹ, ẹ má fi falẹ̀, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ kíndìnrín yín wò.

Ìpara ìbóra ló ń bà mí lẹ́rù jù. Sítẹ́rọ́ìdì wà nínú òmíràn. Bó bá pẹ́ lábẹ́ ojú, ó lè fa glaucoma, tó máa ń ba ìríran jẹ́ láìdunni rárá. Bẹ́ ẹ bá ti ń lò ó, ẹ mú ike rẹ̀ dání lọ bá dókítà ojú.