Ìrètí, Ìkọ́gbọ́n àti Èrè Ọ̀la: Àgbéyẹ̀wò Àjọ àti Tẹ́tẹ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ìrètí èrè ní ń mú kí ènìyàn fara da ìnira òní. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìrètí kò mọ síbẹ̀: òun náà ní ń pinnu ohun tí ènìyàn yóò rí kọ́ nínú àbájáde ìṣe rẹ̀. Àjọ àti tẹ́tẹ́ onínọ́ńbà, tí àwọn méjèèjì wọ́pọ̀ láàrin ọlọ́jà àti oníṣẹ́ ọwọ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, Ìdúmọ̀tà àti Balógun, jẹ́ àpẹẹrẹ tó fi èyí hàn kedere.

Bí ìrètí ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́

Ní 1972, Robert Rescorla àti Allan Wagner gbé tíọ́rì kan kalẹ̀ pé ìyàtọ̀ tó wà láàrin ohun tí a retí àti ohun tí a rí ló ń bí ìkọ́gbọ́n. Bí èrè bá ju ìrètí lọ, ìrètí yóò gòkè. Bí kò bá tó o, yóò wálẹ̀. Òwe Yorùbá sún mọ́ èrò yìí: ẹni tí kò bá ṣubú kì í mọ ẹrù dì.

Síbẹ̀, ọmọ ènìyàn kì í fi ọwọ́ kan náà gba ìròyìn rere àti búburú. Nínú ìwádìí tí Sharot, Korn àti Dolan tẹ̀ jáde ní 2011, àwọn olùkópa kọ́kọ́ sọ bí ó ti ṣeé ṣe tó pé kí àìsàn tàbí olè kan àwọn, lẹ́yìn náà ni a sọ ìwọ̀n tòótọ́ fún wọn. Àwọn tí ìròyìn náà dùn mọ́ yí èrò wọn padà gan-an. Nígbà tí kò dùn, díẹ̀ ni wọ́n yí i. Ní 2017, Lefebvre àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí irú èyí nínú eré yíyàn tí a fi owó ṣe. Jíjẹ a máa wọni lọ́kàn. Pípàdánù a máa dà nù bí omi orí ewé kókò.

Àjọ: ìrètí tó ní ọjọ́

Samuel Johnson mẹ́nu ba èsúsú nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921. William Bascom sì kọ àpilẹ̀kọ lé e lórí ní 1952. Nínú èsúsú, ẹgbẹ́ kan ń dá iye kan náà, wọ́n sì ń kó o ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú àjọ ojoojúmọ́, alájọ ń lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, ó ń sàmì sí káàdì, ó sì ń dá owó padà ní ìparí oṣù lẹ́yìn tí ó bá yọ owó ọjọ́ kan fún ara rẹ̀. Owó kò lé. Ohun tí a ń retí ni kí ó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó tó ra ọjà tàbí kí ó san owó ilé-ìwé. Olùdájọ mọ iye, ó sì mọ ọjọ́. Bí alájọ bá yẹ̀ ẹ́, kò sí bí a ṣe lè pe àdánù náà ní nǹkan mìíràn.

Tẹ́tẹ́: ìrètí tí kì í gbẹ̀kọ́

Nínú tẹ́tẹ́ tí a ti ń mú nọ́ńbà 5 jáde nínú 90, ọ̀nà 4,005 ni a lè gbà so nọ́ńbà méjì pọ̀. 10 péré nínú wọn ló ń jẹ. Ẹni tó ta 45, tí 46 sì jáde, a ní ó kù díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni 46 kò sún mọ́ èrè ju 7 lọ. Clark àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 2009 pé irú ìkùdíẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń mú kí ó wu ènìyàn láti tún ta. Àdánù di ìròyìn rere, ìrètí kò sì wálẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Èdè fúnra rẹ̀ ti ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. A ń dá àjọ, a sì ń kó o: ohun tí a dá ni a ó kó. A ń ta tẹ́tẹ́, bóyá a ó sì jẹ ẹ́. Owó kan náà ni ọlọ́jà lè fi ṣe èyíkéyìí, ìrètí kan náà sì ni. Kì í ṣe bí ìrètí ti tóbi tó ló ń gba ilé là, bí kò ṣe pé kí àdánù lè kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́.