Fáìlì Wà, Àmọ́ Kò Ṣe é Kà

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ ní yunifásítì ní kí n fi àkọsílẹ̀ mi lórí ohùn Yorùbá, tí mo tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ní 1997, ránṣẹ́ sóun. Mo ní kò sí wàhálà. Fáìlì náà wà lóòótọ́. Ìgbà tí mo ṣí i báyìí, níbi tí mo ti ń ṣàlàyé ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti di ?k?. Iṣẹ́ lórí ohùn tí kò ní ohùn mọ́! Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú mi ò dùn rárá.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Kọ̀ǹpútà kì í tọ́jú àwòrán lẹ́tà, nọ́ńbà ló ń tọ́jú. Lásìkò yẹn, a máa ń yá àyè lẹ́tà òyìnbó kan tí a kò lò, a ó ya ẹ sórí rẹ̀ nínú fọ́ǹtì tiwa. Kálukú ló ní tiẹ̀: nọ́ńbà tó jẹ́ ẹ lọ́dọ̀ mi lè jẹ́ ọ̀ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Nígbà tí mo gbé fáìlì náà lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, ètò tí kò mọ nọ́ńbà wa fi àmì ìbéèrè dípò gbogbo wọn.

Unicode ló wá tán ìyẹn: lẹ́tà kan, nọ́ńbà kan, kárí ayé. 1EB9 ni ti ẹ. Àmọ́ ẹ́ kò ní nọ́ńbà àdáni. Ẹ ló máa ṣáájú, kí àmì òkè, 0301, tẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tí àmì fi máa ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí fóònù mìíràn. Fọ́ǹtì fóònù ló fà á, ọ̀rọ̀ yín ò bàjẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí ẹ̀ yọ àmì kúrò (mo mọ àwọn tó ń ṣe é nínú yín).

Tí iṣẹ́ bá parí, ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan ní PDF/A, tó máa ń gbé fọ́ǹtì rẹ̀ pọ̀ mọ́ra. Wayback Machine náà ń pa ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì mọ́, àmọ́ kì í dé ibi gbogbo. Ẹ fúnra yín lè lẹ àdírẹ́sì iṣẹ́ yín síbẹ̀ kó gbà á. Kí ẹ sì tẹ ẹ̀dà kan sórí bébà. Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859 ṣì ṣe é kà. Bébà ò béèrè fọ́ǹtì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Bébà ló yọ èmi náà, àmọ́ kò yọ mí tán. Ojú ewé mọ́kànlá tó kẹ́yìn ni mi ò tẹ̀ jáde. Àpẹẹrẹ tí àwọn àgbà sọ fún mi ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ló wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ti lọ. Mo pín in fún kíláàsì nígbà náà. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀, ẹ bá mi yẹ inú àpótí yín wò.