Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Wádìí Ẹni Tí Ẹ̀dínwó Tọ́ Sí

Ó ti pẹ́ tí àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe sọ́fítíwíà, ìyẹn àwọn ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́, ti ń ta ẹ̀dà tuntun ní ẹ̀dínwó fún ẹni tó bá ti ra èyí tó ṣáájú rẹ̀. Nígbà tí Microsoft gbé Windows XP jáde ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún 2001, 199 dọ́là ni iye tí wọ́n dá lé ẹ̀dà Home ní Amẹ́ríkà fún ẹni tí kò ní Windows kankan tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n 99 dọ́là ni ẹni tó ti ní ti àtijọ́ ń san fún ẹ̀dà ìgbéga, ìyẹn èyí tí wọ́n ṣe fún rírọ́pò ohun tí oníbàárà ti ní. Bí àwọn méjèèjì bá ti wọ inú kọ̀ǹpútà tán, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Ìyàtọ̀ owó yìí ló fi kún iṣẹ́ ètò afisórí, tí ń kó sọ́fítíwíà láti orí sídì wọ inú kọ̀ǹpútà, pé kí ó tún máa wádìí bóyá ẹni tó ra ẹ̀dà olówó pọ́ọ́kú lẹ́tọ̀ọ́ sí i lóòótọ́.

Láti ìpìlẹ̀ ni ìwádìí náà ti le. Inú ìwé àṣẹ ìlò, àdéhùn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fọwọ́ sí láìkà á, ni ẹ̀tọ́ sí ẹ̀dínwó wà, ṣùgbọ́n ètò afisórí kò lè rí àdéhùn, kò lè rí rìsíìtì, kò sì mọ ẹni tó san owó. Kìkì àmì tí ẹ̀dà àtijọ́ fi sílẹ̀ ló lè wá kiri. Ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ sì ń pààrọ̀ láti ọdún dé ọdún ni irú àmì tí wọn yóò gbà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, kò sì sí èyí tí kì í ni olóòótọ́ kan lára.

Díìsìkì tí ènìyàn lè fọwọ́ bà ni wọ́n kọ́kọ́ gbà. Ètò afisórí ẹ̀dà ìgbéga Windows 95, tó jáde ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ ọdún 1995, àti ti Windows 98 tó tẹ̀lé e, máa ń kọ́kọ́ yẹ inú háàdì díìsìkì wò, níbi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun gbogbo pamọ́ sí, bóyá yóò bá àwọn fáìlì ẹ̀dà àtijọ́ níbẹ̀. Bí kò bá rí wọn, yóò ní kí oníbàárà ki díìsìkì tàbí sídì rẹ̀ àtijọ́ bọ inú ẹ̀rọ, bó bá sì ti rí ohun tó ń wá, iṣẹ́ á tẹ̀síwájú. Bí ẹni tí ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò ṣe ń gba ìgò òfìfo kó tó ta èyí tó kún ní iye tó rẹlẹ̀, láìbéèrè ibi tí ìgò náà ti wá, bẹ́ẹ̀ ni ètò yìí ṣe ń gba díìsìkì, tí ẹni tó yá tirẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ sì ń kọjá. Síbẹ̀, àánú wà nínú ìlànà náà, nítorí pé bí háàdì díìsìkì bàjẹ́ pátápátá, ẹni tó bá tọ́jú sídì rẹ̀ kò pàdánù ẹ̀tọ́ kankan.

Windows Vista, tó dé ọwọ́ ará ìlú ní ọjọ́ 30 oṣù Kìíní ọdún 2007, pa ìlànà yìí tì. Kò béèrè sídì àtijọ́ mọ́; ohun tó fẹ́ ni pé kí oníbàárà bẹ̀rẹ̀ ìgbéga láti inú Windows tó ti ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ náà. Ìyà èyí jẹ olóòótọ́, nítorí pé ẹni tí háàdì díìsìkì rẹ̀ kú ní láti kọ́kọ́ fi XP sórí tuntun, kó tó wá fi Vista rọ́pò rẹ̀, kìkì láti fi ohun tó ti rà hàn. Àmọ́ Vista gbà kí ènìyàn fi òun sórí kọ̀ǹpútà fún ọjọ́ 30 láìtẹ nọ́ńbà àṣẹ kankan, àwọn ènìyàn sì tètè rí i pé bí wọ́n bá tún bẹ̀rẹ̀ ìgbéga láti inú Vista àdánwò yẹn, ètò afisórí yóò gba Vista gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé wọ́n ní Windows àtijọ́. Ìlànà tó ń dá onísídì padà, tó sì ń gba ẹni tí kò ra nǹkan kan rí wọlé, kùnà, kò sì yẹ kí wọ́n gbé e jáde.

Ní ọdún 2009, Apple tọ ọ̀nà mìíràn pẹ̀lú Snow Leopard, ẹ̀dà tuntun ètò tí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́. 29 dọ́là ni wọ́n tà á fún ẹni tó ti ní Leopard, ẹ̀dà tó ṣáájú rẹ̀, àdéhùn sì ní kí ẹni tó ṣì ń lo Tiger, tó ṣáájú Leopard, ra àkójọ olówó 169 dọ́là, síbẹ̀ ètò afisórí rẹ̀ kò wá Leopard rárá. Orí kọ̀ǹpútà tí Apple fúnra rẹ̀ ń tà ni sọ́fítíwíà náà ń lọ, nítorí náà ó rọrùn fún un láti fọkàn tán oníbàárà ju bó ṣe rọrùn fún Microsoft lọ.

Windows 10, tó jáde ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 2015, tí ìgbéga rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ọdún kan gbáko, ló gbé ẹ̀rí kúrò lọ́wọ́ oníbàárà pátápátá. Bí Windows 7 tàbí 8.1 bá ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ, ètò afisórí yóò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ojúlówó ni, Microsoft yóò sì fi àmì ìdánimọ̀ ẹ̀rọ náà sínú àkọsílẹ̀ tirẹ̀. Láti ìgbà náà, ènìyàn lè nu háàdì díìsìkì nù tàbí kí ó pààrọ̀ rẹ̀, kọ̀ǹpútà yóò kàn sí Microsoft lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀tọ́ rẹ̀ yóò sì padà láìsí nọ́ńbà kankan. Ohun tó lè já okùn náà ni pípààrọ̀ motherboard, pátákó ńlá inú ẹ̀rọ tí gbogbo ẹ̀yà yòókù so mọ́, nítorí pé ojú ẹ̀rọ mìíràn ni àkọsílẹ̀ yóò fi wò ó.

Nítorí náà, kí ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀dà ìgbéga kọ́kọ́ ka ohun tí wọn yóò béèrè gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, kí ó tọ́jú rìsíìtì àti nọ́ńbà àṣẹ ẹ̀dà àtijọ́, kí ó má sì nu ẹ̀dà náà kúrò títí tuntun yóò fi fìdí múlẹ̀. Ẹni tó bá ń lo Windows 10 tàbí 11, kí ó so àṣẹ rẹ̀ mọ́ àkáǹtì Microsoft kí ó tó gbé kọ̀ǹpútà fún ẹni tí yóò pààrọ̀ motherboard rẹ̀.