Ẹ Kọ́kọ́ Lé Akátá Lọ: Bí A Ṣe Ń Wo Ọkọ̀ Gasoil Àtijọ́ Tó Ń Gbọ̀n

Kò sí ìlú kan láàrin Àjàṣẹ́ àti Kétu, tàbí láàrin Ṣábẹ̀ẹ́ àti Atakpamé, tí etí àwọn àgbà ibẹ̀ kò mọ ohùn Peugeot 504 tí ń mu gasoil. Ohùn náà le, ó sì wúwo, ṣùgbọ́n ó dọ́gba, bí ìgbà tí obìnrin mẹ́rin bá ń gún iyán nínú odó kan ṣoṣo tí ọmọ odó wọn kì í kọlu ara wọn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá dákẹ́, tàbí tí ó bá sọ ọmọ odó rẹ̀ sílẹ̀ kí àkókò rẹ̀ tó pé, gbogbo ilé ni yóò mọ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí nígbà tí ọkọ̀ gasoil àtijọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Ní ilé púpọ̀ lágbègbè wa, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun afẹ́. Òun ni oko olówó rẹ̀. Òun ni ó ń gbé gaàrí àti tòmátì dé ọjà, òun ni ó ń san owó ilé-ìwé ọmọ. Nítorí náà, bí ó bá ń kọsẹ̀ lórí òkè, tí ó sì ń wúkọ́ bí arúgbó nínú ọyẹ́, ọkàn awakọ̀ kì í balẹ̀. Ní àkókò yìí ni ìdájọ́ àkànjú máa ń ṣe ibi. Atọ́kọ̀ṣe kan á ní ẹ̀rọ ti gbó; òmíràn á ní pọ́ǹpù ni kí a pààrọ̀. Awakọ̀ á yá owó, wọn á tú ẹ̀rọ palẹ̀, wọn á tún un tò, ọkọ̀ á sì máa gbọ̀n bíi ti àtẹ̀yìnwá, nítorí pé rọ́bà kékeré kan tó sán lábẹ́ ọkọ̀ ni ó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọ inú epo.

Àwọn àgbà wa ní kí a kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, kí a tó fàbọ̀ bá adìẹ wí. Nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ gasoil, akátá kì í sábà gbé inú ẹ̀rọ. Ojú ọ̀nà tí epo ń gbà ni ó máa ń ba sí. Ẹni tó bá ń yẹ nǹkan wò láti orí èyí tí kò náni lówó dé orí èyí tó wọ́n, yóò rí i mú kí ó tó ná owó ẹlòmíràn dànù.

Ohun mẹ́rin tí ẹ̀rọ yìí ń béèrè

Ọmọ ilẹ̀ Jámánì ni Rudolf Diesel, ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ pe ẹ̀rọ yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlú Paris ni wọ́n bí i sí ní 1858. Ní 1892 ni ó béèrè fún ìwé àṣẹ lórí èrò rẹ̀, nígbà tí ó sì di 1897, ẹ̀rọ tí ó ṣe ní Augsburg ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀rọ essence ni pé kò ní ohun tí ń ta iná sí epo. Afẹ́fẹ́ nìkan ni ẹ̀rọ gasoil ń fà sínú. Nínú ẹ̀rọ Peugeot 504 tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 2304, písítọ̀nù máa ń fún afẹ́fẹ́ náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ohun tó kún igbá 22 yóò fi wọ inú igbá kan ṣoṣo. Afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ báyìí máa ń gbóná kọjá ìwọ̀n Celsius 500. Nígbà náà ni injecteur á wọ́n gasoil sínú rẹ̀ bí ìkùukùu, epo náà á sì gbiná fúnra rẹ̀.

Ohun mẹ́rin péré, nígbà náà, ni ẹ̀rọ yìí ń béèrè lọ́wọ́ wa: epo mímọ́, afẹ́fẹ́ tó tó, ìfúnpọ̀ tó le, àti àkókò tó pé. Bí ó bá ń yí ní ìgbà 800 ní ìṣẹ́jú kan, sìlíńdà kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́rin gbọ́dọ̀ gbiná ní ìgbà 400. Bí ọ̀kan bá kọ̀ láti gbiná, àwọn mẹ́ta yòókù á máa gbé ẹrù rẹ̀, ìyẹn sì ni ìgbọ̀nrìrì tí à ń gbọ́.

Ẹ bi ọkọ̀ léèrè kí ẹ tó mú clé

Oníṣègùn tó mọṣẹ́ a máa bi aláìsàn léèrè kí ó tó já ewé. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: ṣé ẹ̀rọ ni kò dára, àbí ìjókòó rẹ̀? Orí àwọn rọ́bà líle kan tí wọ́n ń pè ní support moteur ni ẹ̀rọ jókòó lé. Bí wọ́n bá ti já, ẹ̀rọ tí ara rẹ̀ le á mi gbogbo ọkọ̀ tìtì. Ẹ tan ọkọ̀, kí ẹ gbé ewé bébà kan sí ẹ̀yìn ẹnu échappement. Bí bébà náà bá ń fẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tó dọ́gba, ẹ lọ wo àwọn rọ́bà náà. Bí ó bá ń fò, tí ó ń dákẹ́, tí ó tún ń fò, sìlíńdà kan kò ṣiṣẹ́ tó.

Ìbéèrè kejì ni pé: nígbà wo ni ó ń gbọ̀n? Bí ó bá jẹ́ àárọ̀ nìkan, tí èéfín funfun ń jáde, tí gbogbo rẹ̀ sì rọlẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ fura sí bougie de préchauffage, èyí tí ń mú ibi tí epo ti ń gbiná gbóná kí ẹ̀rọ tó jí. Bí ó bá jẹ́ lórí òkè tàbí nínú eré ni ó ń rẹ̀ ẹ́, ó ṣeé ṣe kí ebi epo máa pa á. Bí ó bá ń kú léyìn tí ó ti sùn mọ́jú, tí ó sì ṣòro láti jí, afẹ́fẹ́ ti ń wọ inú epo. Bí ó bá ń gbọ̀n láàárọ̀ àti lálẹ́, ní orin kan náà, ẹ lọ wá sìlíńdà tó ń ṣàìsàn.

Ọ̀nà ọ̀fun ọkọ̀

Inú táńkì ni kí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń ra epo nínú ìgò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí kpayo, kò lè mọ ibi tí epo náà ti kọjá. Ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò tó mọ́ gaara, kí ẹ gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Gasoil fúyẹ́ ju omi lọ; bí omi bá wà nínú rẹ̀, ìsàlẹ̀ ni ẹ ó ti rí i. Èyí tí wọ́n pò mọ́ pétrole tí a fi ń tan àtùpà tún léwu ní ọ̀nà mìíràn, nítorí pé gasoil tí ń kọjá nínú pọ́ǹpù náà ni ó ń fi òróró pa á lára. Bí epo bá ti di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, irin á máa họ irin.

Lẹ́yìn táńkì ni asẹ́ epo, èyí tí wọ́n ń pè ní filtre à gasoil. Lábẹ́ púpọ̀ nínú wọn ni ìdè kékeré kan wà tí a lè tú kí omi lè ṣàn jáde. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ kò tú u rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ra ọkọ̀. Asẹ́ tó ti dí kò ṣeé fọ̀ kí a tún fi ṣe tuntun. Pípààrọ̀ ni kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ wá wo afẹ́fẹ́. Láàrin táńkì àti pọ́ǹpù, fífà ni a ń fa epo. Nítorí náà, ojú ihò kékeré kò ní jo epo síta, afẹ́fẹ́ ni yóò máa fà wọlé. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ abẹ́ ọkọ̀ fi lè gbẹ, síbẹ̀ kí àìsàn wà níbẹ̀. Ẹ fi rọ́bà tí ojú ríran kọjá nínú rẹ̀ rọ́pò èyí tó wọ inú pọ́ǹpù. Bí ẹ bá rí ohun tó ń hó bí ọṣẹ nínú epo tó ń lọ, ẹ ti rí akátá.

Àyẹ̀wò kan tún wà tí kò gbowó rárá. Ẹ rọ gasoil mímọ́ sínú bídọ̀ kékeré, ẹ so ó síbi tó ga ju ẹ̀rọ lọ, tó sì jìnnà sí ohun gbígbóná, kí ẹ sì fi rọ́bà kan gbé epo náà lọ tààrà sínú pọ́ǹpù. Ẹ lé afẹ́fẹ́ jáde, ẹ tan ọkọ̀. Bí ohùn rẹ̀ bá dọ́gba lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ. Àárín táńkì àti pọ́ǹpù ni ẹ̀ṣẹ̀ wà, owó rọ́bà àti asẹ́ sì ni ẹ ó san.

Èwo nínú mẹ́rin?

Bí bídọ̀ kò bá yí nǹkan padà, ó kan àwọn sìlíńdà. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, ẹ fi aṣọ bo ìdè páìpù tó wọ injecteur àkọ́kọ́, kí ẹ tú u díẹ̀, kí epo má lè wọlé mọ́. Bí ohùn ẹ̀rọ bá burú sí i, sìlíńdà yẹn ń ṣiṣẹ́. Ẹ dè é padà, kí ẹ lọ sórí èkejì. Èyí tí ẹ bá tú tí ohùn kò yí padà, òun ni ọ̀lẹ inú wọn.

Ṣùgbọ́n ta ló sọ ọ́ di ọ̀lẹ? Ẹ yọ injecteur rẹ̀, kí ẹ fi ti aládùúgbò rẹ̀ pààrọ̀, pẹ̀lú òrùka idẹ tuntun lábẹ́ wọn. Bí àìsàn bá tẹ̀lé injecteur lọ, injecteur ni kí ẹ tún ṣe. Bí ó bá dúró síbi tó wà, ìfúnpọ̀ ni kí ẹ lọ wò.

Ẹ fetí sí ìkìlọ̀ yìí, pàápàá ẹ̀yin ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ìka dí ẹnu injecteur tó ń wọ́n epo. Agbára tó ń ti epo náà jáde ju bar 100 lọ. Ó lè gún awọ ara wọlé bí abẹ́rẹ́. Ojú ọgbẹ́ náà lè má tóbi ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, síbẹ̀ ó lè ba ọwọ́ jẹ́ pátápátá. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kì í ṣe ilé.

Èdè èéfín

Èéfín pẹ̀lú ń sọ̀rọ̀. Èéfín dúdú ń sọ pé epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ: ẹ wo filtre à air, èyí tí eruku pupa ọ̀nà oko àti ìyẹ̀pẹ̀ ọyẹ́ máa ń dí kíákíá. Èéfín funfun tó ń ta ojú ń sọ pé epo wọlé ṣùgbọ́n kò jóná. Èéfín aláwọ̀ aró ń sọ pé òróró ẹ̀rọ ni ó ń jóná. Bí omi radiateur bá ń dínkù láìsí ibi tó ń jò sí, tí èéfín sì ń funfun láti òwúrọ̀ di ọ̀sán, ó lè jẹ́ pé joint de culasse ti já.

Kí a tó ṣí ẹ̀rọ

Lẹ́yìn gbogbo èyí nìkan ni ó tọ́ kí a wọn ìfúnpọ̀, pẹ̀lú òṣùwọ̀n tí a ṣe fún gasoil, nítorí pé ti essence kò lè gba agbára rẹ̀. Ẹ má wo iye tó kọ nìkan. Ẹ fi sìlíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wé ara wọn. Bí ọ̀kan bá relẹ̀ gidigidi ju àwọn yòókù lọ, ẹ kọ́kọ́ yẹ àyè soupape wò, nítorí pé soupape tí kò dé dáadáa kò lè mú afẹ́fẹ́ dúró. Bí èyí náà kò bá jẹ́ ẹjọ́ rẹ̀, ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ tító di ti títú ẹ̀rọ.

Pọ́ǹpù ni kí ó kẹ́yìn. Orí tábìlì àyẹ̀wò ni a ti ń tò ó, kì í ṣe pẹ̀lú tournevis lábẹ́ igi. Ẹni tó bá ń yí ìdè tí àwọn tó ṣe é fi èdìdì dì, kí ọkọ̀ lè ní agbára sí i, èéfín dúdú àti ẹ̀rọ tó gbóná jù ni yóò gbà lérè.

Ọkọ̀ òde òní ń sọ àìsàn rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà. Ọkọ̀ gasoil àtijọ́ kò ní kọ̀ǹpútà. Etí, ojú àti sùúrù ni ó ń béèrè. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ rere fún ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́. Wọ́n ní bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun. Nínú iṣẹ́ gasoil, ìmọ́tótó ni ọwọ́ wíwẹ̀ náà, nítorí pé ẹyọ iyanrìn kan tó wọ páìpù lè ba injecteur tuntun jẹ́. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ iṣẹ́ yín mọ ìdí tí ẹ fi ń ṣe ohun tí ẹ ń ṣe, ní èdè tí wọ́n fi ń ronú. Ẹ̀yin awakọ̀, bí wọ́n bá ní kí ẹ ra pọ́ǹpù, ẹ bi wọ́n pé: ṣé ẹ ti so bídọ̀? Èwo nínú mẹ́rin ni kò ṣiṣẹ́? Ẹni tó bá lè dáhùn ìbéèrè méjèèjì yìí ni kí ẹ gbé ọkọ̀ yín fún.