Gbúre Ẹ̀yìnkùlé

Tí òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta nínú oṣù kẹta ní Ìlaró, gbúre á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́yìnkùlé láìsí ẹni tó gbìn ín. Ẹ̀gbẹ́ balùwẹ̀ ló fẹ́ràn jù, àti ìdí kànga, níbi tí ilẹ̀ kì í ti í gbẹ bọ̀rọ̀. Igi rẹ̀ rọ̀. Tí ènìyàn bá fi èékánná ṣẹ́ ẹ, omi á yọ. Ewé rẹ̀ nípọn, ó ń dán, ó sì tutù lọ́wọ́. Òdòdó rẹ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Bí òdòdó bá rẹ̀, èso róbótó á so. Bí èyí bá gbẹ tó là, hóró dúdú wínníwínní á fọ́n sílẹ̀, ìyẹn ni òjò ọdún tó ń bọ̀ yóò mú hù.

Àwọn onímọ̀ ewéko sọ pé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni gbúre ti wá. Ṣùgbọ́n ta ló máa gbà bẹ́ẹ̀ nílé wa, níbi tó ti ń hù fúnra rẹ̀?

Ohun tó mú mi fẹ́ràn rẹ̀ ju ẹ̀fọ́ yòókù lọ ni bó ṣe rọrùn láti pín. Bí mo bá fún aládùúgbò ní ilá, ó sè é, ó tán. Gbúre kò rí bẹ́ẹ̀. Orí la máa ń ṣẹ́, ìdí rẹ̀ á sì tún pẹ̀ka. Ẹni tí a fún ní ìdì kan á já ewé rẹ̀ sínú ọbẹ̀, á ki igi tó kù bọlẹ̀, òun náà ti di olóko nìyẹn.

Ní àdúgbò wa, ènìyàn kì í sọ pé òun ń tọrọ ẹ̀fọ́. Ìyàwó ilé kejì á dúró lẹ́bàá ọgbà: “Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀fọ́ yín mà dára o!”

“Ọmọ mi, wọlé, wá ṣẹ́ èyí tó o máa sè.”

Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ewúro tàbí ẹ̀fìnrìn á ti ọ̀dọ̀ tirẹ̀ wá. Nígbà mìíràn, abọ́ ọbẹ̀ ni, pẹ̀lú irú àti pàńla nínú rẹ̀.

Ẹ má bu omi sí gbúre tí ẹ bá ń sè é. Omi tirẹ̀ ti tó. Kí ẹni tó bá ní òkúta nínú kíndìnrín má jẹ ẹ́ ní àjẹjù.

Bí ilẹ̀ díẹ̀ bá wà lẹ́yìn ilé yín, ẹ tọrọ igi gbúre lọ́wọ́ ẹni tó ní in, kí ẹ sì ṣọgbà yí i ká kí ewúrẹ́ má bàa jẹ ẹ́.