Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pariwo "obìnrin ló ń wà á", ẹ gbọ́ ti Michèle Mouton

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń dájọ́ láì gbọ́ ẹjọ́, ẹ wá dúró ní Pánṣẹ́kẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí ọ̀nà bá ti dí. Bí mọ́tò kan bá kú sáàárín títì, ojú ẹni tó wà nídìí ọkọ̀ ni gbogbo wọn á kọ́kọ́ wò. Bó bá jẹ́ ọkùnrin, wọ́n á ní ẹ́ńjìnnì ló gbóná, tàbí pé wọ́n ti bu omi sí epo tó rà. Bó bá jẹ́ obìnrin, ẹjọ́ ti tán. "Obìnrin ló ń wà á, àbájọ!" Kò tún sẹ́ni tó máa bi ẹ́ńjìnnì léèrè ọ̀rọ̀.

Èmi náà ń wakọ̀ nílùú yìí, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé Abẹ́òkúta ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Ṣebí ìlú yìí náà ni Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ti kó àwọn obìnrin jọ, tí wọ́n takú pé àwọn ò san owó orí, títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1949? Àwọn tó kọ ìtàn ìgbésí ayé màmá náà sọ pé òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó wa mọ́tò ní Abẹ́òkúta. Àwọn kan máa ń fẹ̀ ẹ́ dé gbogbo Nàìjíríà. Ti Abẹ́òkúta tó mi o jàre.

Àmọ́ kì í ṣe ìtàn màmá yẹn ni mo fẹ́ sọ lónìí. Obìnrin Faransé kan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, Michèle Mouton, àti ọjọ́ mélòó kan tó lò lójú ọ̀nà Côte d'Ivoire nígbà tí oṣù Kẹwàá ọdún 1982 ń parí lọ. Ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà wa níbí ni o. Bí ẹ bá ti gba Ghana kọjá, ẹ ti débẹ̀.

Eré mọ́tò tí wọ́n ń pè ní rally yàtọ̀ sí èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n, tí ogún ọkọ̀ ń yí pápá kan ṣoṣo po. Ní ti rally, ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ń dá lọ ni, aago ni wọ́n sì fi ń mọ ẹni tó yára jù. Èèyàn méjì ló ń wà nínú ọkọ̀. Ẹnì kan ń wà á, ẹnì kejì ń ka ìwé sí i létí: kọ́nà ọ̀tún ń bọ̀, kòtò wà lẹ́yìn rẹ̀, má tẹ̀ ẹ́ jù. Ìdíje àgbáyé rẹ̀ máa ń kárí ọdún ni, láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Bí o bá ṣe dáadáa níbì kan, wọ́n á fún ọ ní máàkì, nígbẹ̀yìn ọdún wọ́n á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Láti ọdún 1978 títí di 1992, ti Côte d'Ivoire wà lára ìdíje àgbáyé yìí. Ẹ má rò pé títì ọlọ́dà ni wọ́n ń sá o. Ilẹ̀ pupa ni, irú èyí tí ẹ máa rí bí ẹ bá yà kúrò lójú títì ní ìhà Ọ̀dẹ̀dá, tó jẹ́ pé eruku ni lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀, tó sì ń di ẹrẹ̀ bí òjò bá ti rọ̀. Wọn ò sì dí ọ̀nà náà fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń sáré lè já kọ́nà kó bá tirélà tó kó igi, tàbí ewúrẹ́ tó ń rìn jẹ̀jẹ̀ bíi pé òun ló ni ìlú. Lọ́dún 1972, nígbà tí wọ́n ṣì ń fi orúkọ odò Bandama pe eré náà, gbogbo ọkọ̀ tó gbéra ló dákú sọ́nà. Kò sí ẹyọ kan tó parí rẹ̀.

Irú ọ̀nà tí Mouton fẹ́ gbà nìyẹn. Ìlú Grasse ní gúúsù Faransé ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1951. Bàbá rẹ̀, Pierre, ló ra ọkọ̀ Alpine A110 fún un nígbà tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó sì fún un ní ọdún kan péré láti fi hàn pé ó lè ṣe é. Ọmọ náà ò dójú ti bàbá. Lọ́dún 1981 ó borí ní Sanremo, ní Ítálì. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó borí nínú ìdíje àgbáyé náà. Nígbà tó di 1982, ó borí ní Portugal, ó borí ní Gíríìsì, ó tún borí ní Brazil. Fabrizia Pons, ọmọ Ítálì, ló ń ka ọ̀nà fún un, obìnrin lòun náà. Nígbà tí wọ́n fi máa dé Côte d'Ivoire, ó ku eré méjì kí ọdún parí, ẹnì kan ṣoṣo ló sì wà níwájú Mouton nínú máàkì: Walter Röhrl, ọmọ Jámánì, tó ti gba ife àgbáyé lọ́dún 1980.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí nìyí. Kí wọ́n tó gbéra gan-an ni ìròyìn dé pé bàbá rẹ̀ ti kú. Àrùn jẹjẹrẹ ló pa á. Obìnrin náà fẹ́ padà sílé. Ìyá rẹ̀ ló ní kó sáré, pé ohun tí bàbá fẹ́ nìyẹn.

Ẹ fojú inú wò ó ná. Níbí, bí wọ́n bá túfọ̀ bàbá ẹni, wọn kì í jẹ́ kí ọmọ òkú fúnra rẹ̀ wakọ̀ láti Abẹ́òkúta dé Ṣàgámù. Wọ́n á gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á wá ẹni tí yóò gbé e. Ti Mouton, ọ̀nà tí kò mọ ti òpin rẹ̀ ló kọrí sí, tọ̀sán tòru, pẹ̀lú akoto lórí àti òkú bàbá lọ́kàn.

Ó sì lé gbogbo wọn sẹ́yìn. Ọkọ̀ Audi Quattro ló wà, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Opel Ascona ni ti Röhrl, táyà ẹ̀yìn nìkan ni tiẹ̀ ń yí. Nígbà tí ó yá, Mouton ti fi ohun tó ju wákàtí kan lọ ṣíwájú Röhrl. Wákàtí kan o! Nínú eré mọ́tò, ìṣẹ́jú-àáyá ni wọ́n fi ń jà.

Lẹ́yìn náà ni gíà bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Mẹkáníìkì wọlé sábẹ́ ọkọ̀, wọ́n ń tú u, wọ́n ń dè é, aago sì ń ka tirẹ̀. Kò sí ẹni tó ń dá aago dúró nítorí pé ọkọ̀ bàjẹ́. Gbogbo wákàtí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó jọ, ibi tí wọ́n ti ń tún gíà ṣe ló ti ń jò dànù. Röhrl kò yára jù, kò sì ba ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́. Ó kàn ń bọ̀ lẹ́yìn bí ẹni tó mọ̀ pé ọjọ́ kò tíì ṣú.

Nígbà tí eré ń sún mọ́ òpin, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lọ́gbọọgba. Mouton ní láti sáré, kùrukùru sì bo ọ̀nà. Ẹni tó bá ti wakọ̀ láàárọ̀ kùtù nígbà ọyẹ́ mọ ohun tí mò ń wí: iná iwájú ọkọ̀ kì í ran kùrukùru, ṣe ló ń dà á padà sí ọ lójú. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ rẹ̀ ti sọ kọ́nà nù, tó yí gbiri. Òun àti Pons jáde láàyè, àmọ́ eré ti parí fún wọn.

Röhrl ló borí, ó sì gba ife àgbáyé ọdún náà. Máàkì 109 ni tirẹ̀, ti Mouton jẹ́ 97. Mi ò ní sọ pé ó jí i gbé. Awakọ̀ gidi ni Röhrl. Kí èèyàn fi táyà méjì ṣẹ́gun táyà mẹ́rin nílẹ̀ ẹrẹ̀, kì í ṣe kékeré. Tó bá jẹ́ ọkùnrin méjì ló du ife náà báyìí, ibi tí wọ́n máa parí ọ̀rọ̀ sí nìyẹn: gíà ló bàjẹ́, kùrukùru bolẹ̀, ẹni tó ní sùúrù ló jẹ ẹ́.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ obìnrin kì í rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ń borí, àwọn kan ní mọ́tò Audi ló ń gbé e lọ, pé ta ló máa ní táyà mẹ́rin tí kò ní borí? Ó dáa. Hannu Mikkola, ọmọ Finland, wa Audi Quattro kan náà lọ́dún 1982, fún ilé iṣẹ́ kan náà. Àgbà nínú eré ni Mikkola, òun ló gba ife àgbáyé lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ipò kẹta ló ṣe lọ́dún 1982, ẹ̀yìn Mouton. Bó bá jẹ́ mọ́tò ló ń wa ara rẹ̀, kí ló dé tí mọ́tò Mikkola kò wa ara tiẹ̀?

Mo mọ ọmọbìnrin kan ní Ìbàrà tó gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ lọ́nà ẹ̀tọ́, tó kọ́ ọ, tó ṣe ìdánwò. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó fi bọ́ńpà mọ́tò bàbá rẹ̀ ha géètì. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́, kò tíì fojú kàn án títí di òní. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti fi ọkọ̀ yẹn kan náà kọlu nǹkan lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kejì, iná iwájú ló fọ́. Wọ́n ra iná mìíràn, ó ń wà á lọ. Iṣẹ́ kan tó rí ní Ṣàgámù bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, torí wọ́n fẹ́ ẹni tó lè máa wakọ̀ lọ wakọ̀ bọ̀. Èyí ló ń bí mi nínú ju ariwo Pánṣẹ́kẹ́ lọ. Ariwo á lọ bí ọ̀nà bá là. Kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n gbà kò padà.

Ẹ jẹ́ n fi èyí pa yín lẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo gbé ọkọ̀ mi lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì tuntun kan ní Lafẹ́nwá. Ó tú táyà, ó yẹ páàdì bíréèkì wò, ó ní: "Áà, páàdì yìí ti pẹ́ lára ọkọ̀, síbẹ̀ kò tíì jẹ tán. Ẹni tó ń wa mọ́tò yìí mọ̀ ọ́n wà. Àǹtí, ẹ bá mi kí bọ̀dá."

Mo ní, "Bọ̀dá wo? Èmi ni mò ń wà á."

Ó wò mí, ó tún padà lọ wo páàdì náà, bíi pé ó máa yí ọ̀rọ̀ padà.

Ní ti Mouton, kò fi ọkọ̀ sílẹ̀ nítorí Côte d'Ivoire. Lọ́dún 1985, ó gun òkè Pikes Peak ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú Audi, ó sì yára ju gbogbo ẹni tó ti gùn ún ṣáájú rẹ̀ lọ. Lọ́dún 1986, ó gba ife rally ilẹ̀ Jámánì, nílé Röhrl gan-an. Nígbà tó di ọdún 2010, wọ́n fi í ṣe olórí ìgbìmọ̀ tí àjọ FIA gbé kalẹ̀ fún àwọn obìnrin nínú eré mọ́tò. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló borí nínú ìdíje àgbáyé, Brazil ọdún 1982 sì ni ìkẹyìn. Láti ìgbà náà, kò tíì sí obìnrin mìíràn tó borí nínú ẹyọ kan.